Ọlọ́jà Tó Rán Èèyàn Lọ́jà

Àwọn tó ní aṣọ là á kí ká tó kí èèyàn ò parọ́. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni pé bí aṣọ náà bá ya aláìgbọràn, èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ni ojú máa tì. Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ tí à ń wí yìí, aṣọ kan wọ ilé Karimot alátà ní Ìkòsì, díẹ̀ ló sì kù kó dá ìjà sílẹ̀ nínú yàrá kan àti pálọ̀.

Aago mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù. Karimot ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mile 12 dé, níbi tó ti lọ gba ata rodo àti tàtàṣé lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láti ìdájí, ẹrẹ̀ ọjà sì ṣì wà lára bùùtù òjò tó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Kò jókòó, kò mu omi. Ọ̀rá dúdú kan tí ọlọ́kadà gbé wá wà lórí tábìlì, gbogbo ilé ti yí i ká. Yúnúsà ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ketu, wà nídìí ẹ̀kọ àti àkàrà. Nusirat, àkọ́bí wọn, ti gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Anthony nítorí ọjọ́ òní. Ìyá Fẹ́rànmí, ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwọn, náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó láyà láti ní kó máa lọ.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká tú u," ni Nusirat wí. "Aago méjìlá ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé Aliyah o."

Yúnúsà gbé àkàrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ń tajà láti ìdájí dalẹ́, tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Mile 12 bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀, òun ló wá sanwó fún ọmọ kékeré kan pé kó lọ bá òun rajà? Ìyá Nusi, ọlọ́jà tún ń rán èèyàn lọ́jà?"

"Pásọ́nà ṣọ́pà ni wọ́n ń pè wọ́n, Daddy," ni Nusirat wí. "Àwọn tó mọ aṣọ ni. Ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, wọ́n á wá a kiri títí wọ́n á fi rí i, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí yín nílé."

"Ṣebí ohun tí èmi náà ń ṣe fún àwọn obìnrin Magodo nìyẹn," ni Karimot wí. "Wọ́n á pè mí lórí fóònù, màá bá wọn ṣa ata tó dáa, màá fi ránṣẹ́. Ṣé wọn ò lẹ́sẹ̀ ni? Kálukú ló ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣà."

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún ò pé. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ni pé ní táàmù tó kọjá, nígbà tí Karimot lọ sí ìpàdé àwọn òbí ní ilé ìwé olówó ńlá tí wọ́n gba Aliyah, àbúrò Nusirat, sí lọ́fẹ̀ẹ́ ní Magodo nítorí pé orí ọmọ náà pé, sikiọ́rítì ẹnu géètì ní kó gba ẹ̀yìn lọ sí kíṣìnì, torí ó rò pé ata ló gbé wá. Ohun tí Karimot ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé Aliyah wà níbẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló ń kọjá lọ, ni sikiọ́rítì bá bi í pé, "Ṣé o mọ ìyá yìí?" Ọmọ náà wo ìró ìyá rẹ̀ tí omi tàtàṣé ti ta sí, ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ata ni wọ́n máa ń kó wá." Ó sì kọjá.

Karimot gba ẹ̀yìn lọ sí kíṣìnì lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kí àwọn tó ń dáná, ó jáde, ó wọ mọ́tò, ó lọ sílé. Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́, ọmọ náà ò sì bá a sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta rèé. Lónìí tí wọ́n fẹ́ fún Aliyah ní ẹ̀bùn ọmọ tó mọ sáyẹ́ǹsì jù lọ, ohun kan ṣoṣo ni Karimot ń fẹ́: kí ọmọ òun lè nàka sí òun lójú gbogbo èèyàn pé ìyá òun rèé. Bó bá jẹ́ aṣọ ló máa mú un rọrùn fún ọmọ náà, kí wọ́n gbé aṣọ wá!

Nusirat fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu ọ̀rá. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ń jáde, ó ń jáde, ó kọ̀, kò tán.

"Kí ni wọ́n ń pe àwọ̀ yìí?" ni Ìyá Fẹ́rànmí béèrè.

"Núùdù ni, Mummy Fẹ́rànmí. Òun ló wà lóde báyìí. Àwọn olówó ò wọ aṣọ tó ń pariwo mọ́."

"Àwọ̀ ẹ̀wà tí wọn ò fepo sí," ni Yúnúsà wí, ó sì padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀.

Karimot gbé aṣọ náà wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ọrùn aṣọ náà ti ṣubú sí èjìká kan, apá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ méjèèjì mì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń gbálẹ̀ tẹ̀ lé e. Àyè tó kù nínú rẹ̀ gba ẹnì kan sí i, kódà bí ẹni náà bá jẹ́ ẹni tó ń jẹun yó dáadáa.

"Yéè!" Ìyá Fẹ́rànmí gbá ìdí ara rẹ̀ mú. "Ìyá Nusi, ẹ̀yin dà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ juwọ́ sí wa ká rí yín!"

Ẹ̀rín bú. Yúnúsà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi pá a lórí. Karimot náà gbìyànjú láti juwọ́, apá aṣọ ló ń jù fìrìfìrì, ọwọ́ ò yọ, òun náà bá jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nusirat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo aago.

"Mummy, ẹ má bínú," ló wí. "Ṣé kí n kúkú lọ ṣojú yín? Aliyah gan-an sọ ọ́ kó tó jáde láàárọ̀. Ó ní bí Mummy ò bá ní lè wá, kí Sister máa bọ̀."

Ẹ̀rín tán nínú pálọ̀.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sọ ọ́ pẹ̀lú èrò burúkú o, Mummy."

Karimot ń ká apá aṣọ náà sókè, ó ń tú u sílẹ̀, ó tún ń ká a. Omi ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ kò tíì gbẹ, òmíràn sì fẹ́ bá a, ó bá yára fi apá aṣọ náà nu ojú. Ó kúkú gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ká Yúnúsà lára. Ọkùnrin tó ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ bá gbaná jẹ lójijì. "Ta ló máa ṣojú ta? Nusirat, ṣé ìwọ lo bí i? Ẹni tó bí i ló máa lọ, ì báà wọ àpò sìmẹ́ńtì! Ẹ pe abánirajà yín kó máa bọ̀. Ẹni tó máa dá ni láṣọ, tọrùn rẹ̀ là á wò. Mo fẹ́ wo tọrùn tiẹ̀."

"Daddy, èmi ni mo wá a, ẹ má bú u o."

"Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo ní mo fẹ́ wo ọrùn."

Wọ́n pè é. Fikáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, Ketu nítòsí ló sì ń gbé. Ó ní òun ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó tó dé, Ìyá Fẹ́rànmí ti lọ pọn garawa omi kan, garawa kan péré. Ìgbà tó fi máa padà dé, Vivian tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu géètì ti yọjú sí ojú fèrèsé, ó ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé ìyá alátà ra aṣọ tí èèyàn méjì jọ ń wọ̀.

"Vivian, lọ sídìí omi rẹ!" ni Nusirat pariwo.

"Aunty, mo kàn ń béèrè ni."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá já Fikáyọ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, ó so ìlẹ̀kẹ̀ onígi ràgàjì kan mọ́ ọrùn. Ó kúnlẹ̀ fún Yúnúsà àti Karimot. Yúnúsà wo ọrùn náà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì.

"Ọrùn yìí ò burú," ló wí, bí ẹni tí wọ́n fipá gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀.

Fikáyọ̀ rí Karimot nínú aṣọ, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Mummy! Sáìsì tí ẹ fún mi ni mo rà o." Ó tẹ fóònù rẹ̀. "Ẹ wò ó. Ìdí, íǹṣì mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá yín lójú. Ẹ fi vóìsì nóòtù dá mi lóhùn." Ó tẹ̀ ẹ́. Ariwo Mile 12 bú jáde nínú fóònù náà, ẹnì kan ń ké "ẹ yà fún alábàrù o," ohùn Karimot sì gun orí gbogbo rẹ̀: "Ọmọ mi, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn o! Rà á, má bẹ̀rù!"

Ìyá Fẹ́rànmí bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí ìjókòó tó wà.

"Ta ló wọ̀n yín, Mummy?" ni Fikáyọ̀ béèrè.

"Faridah tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ mi ò dilẹ̀ nílé, ìdí ọjà ló ti wọ̀n mí, laago márùn-ún ìdájí."

"Kí lẹ wọ̀ nígbà yẹn?"

"Aṣọ ni, kí ni èèyàn ń wọ̀? Súẹ́tà, torí òtútù. Ìró méjì, torí ẹrẹ̀. Épúrónì lé e lórí…" Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rìn lọ sí ìdí fúnra rẹ̀. "Àti àpò ìdí mi tí mò ń kówó sí."

"Ẹ ò tú àpò ìdí kí wọ́n tó wọ̀n yín?"

"Tú u kẹ̀? Láàárín Mile 12?" Karimot wò ó bí ẹni tó ní kóun bọ́ra sílẹ̀ ní gbangba. "Ọmọ yìí, ṣé Èkó ni wọ́n bí ẹ sí?"

Kódà bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, àpò ọ̀hún wà lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ẹ̀wà, ó wú gìdìgbà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó tú u. Yúnúsà ní látìgbà tóun ti fẹ́ ẹ, òun ò rí i kó tú àpò náà lójú mọmọ rí, òun ti ń rò ó pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Fikáyọ̀ fa téèpù yọ. Íǹṣì mẹ́tàlélógójì.

"Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀," ni Fikáyọ̀ wí. "Ó yẹ kí n wá fojú rí yín kí n tó lọ sọ́jà. Àmọ́ Mummy, ẹ má bínú, ìbéèrè mìíràn tún wà tí mo bi yín. Mo ní, kí lẹ fẹ́ràn? Ẹ ní kí n ra ohun tí àwọn ìyá Magodo ń wọ̀. Títí di òní yìí, ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ̀yin fẹ́ràn fún mi."

Karimot gbé ojú sókè. Ẹni tó jẹ́ pé bí ẹ bá di ojú rẹ̀, ẹ da ata síwájú rẹ̀, ọwọ́ lásán ló máa fi yọ èyí tó ti ń rọ̀, òun ni wọ́n bi léèrè ohun tó fẹ́ràn, tó ń wo òrùlé. Ọ̀rọ̀ náà ya òun pàápàá lẹ́nu. Ojú tì í díẹ̀.

"Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ rèé," ni Fikáyọ̀ wí. "Kò sí pé à ń lọ sí ọjà Yaba mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣí àpótí yín."

Gbogbo wọn rọ́ wọ yàrá, títí kan Ìyá Fẹ́rànmí. Àpótí kún dé ẹnu. Fikáyọ̀ ń fa wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló yan èyí?"

"Ẹgbẹ́ alátà ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Àwọn ẹbí Bàbá Nusi, nígbà òkú ìyá wọn."

"Èyí?"

"Mi ò rántí ẹni tó ń ṣègbéyàwó."

Aṣọ tó kó jọ sórí bẹ́ẹ̀dì ti ga, kò sì sí ọ̀kan tí Karimot fẹnu ara rẹ̀ yàn nínú wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ọ̀rá tí wọ́n dì mọ́ra, Fikáyọ̀ rí ìró àti bùbá àdìrẹ kan. Aró rẹ̀ dúdú, iṣẹ́ funfun ara rẹ̀ ṣe wẹ́wẹ́wẹ́, ìlà ibi tí wọ́n ti ká a sì hàn gbangba lára rẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó tíì wọ̀ ọ́.

"Èyí ńkọ́, Mummy? Ta ló yàn án?"

Karimot wo aṣọ náà pẹ́. "Èmi," ló wí. "Abẹ́òkúta ni mo ti rà á nígbà tí mo lọ gba ata. Mo ń kọjá lọ, ó sì wù mí. Mo padà sẹ́yìn láti lọ rà á."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní aṣọ oko ni."

Yúnúsà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí mi? Ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú yín ni wọ́n ti sọ ọ́, Bàbá Nusi. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i."

Yúnúsà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wá sọ wẹ́rẹ́ pé, "Wọ̀ ọ́, Karimot." Ó ti pẹ́ tó ti pè é lórúkọ.

Ó wọ̀ ọ́. Ó jókòó sí i lára, kò ṣo, kò fún. Nígbà tó yíjú síwájú dígí, kò gbé apá kan aṣọ sókè bẹ́ẹ̀ ni kò fà á wálẹ̀, ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ rí i," ni Ìyá Fẹ́rànmí wí, ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì fi sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ti ń pariwo láti àárọ̀. "Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá ṣo ni lẹ́sẹ̀, a fún ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu."

Fikáyọ̀ gbé gèlè aláwọ̀ wúrà síwájú rẹ̀. Karimot wò ó, ó mi orí. "Mú un kúrò. Ó ń bá aṣọ náà jà." Ẹnu ya òun gan-an pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Nusirat gbé bàtà gíga rẹ̀ wá, Karimot kọ̀ ọ́. "Rárá. Ṣé kí n máa rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún? Gbé sálúbàtà aláwọ mi wá." Ó ti ń dùn mọ́ ọn. Ó wa inú àpótí fúnra rẹ̀, ó fa ìborùn kan yọ, pupa fòò bíi tàtàṣé tó gbó.

"Haa, Mummy, pupa yẹn le o," ni Nusirat wí. "Gbogbo èèyàn ló máa wò yín."

"Kí wọ́n wò mí. Nídìí ọjà mi, tápólì búlúù ni mo máa ń tẹ́ kí n tó to ata lé e. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀? Kí oníbàárà lè rí i láti òkèèrè." Ó da ìborùn náà borí, ó fi etí rẹ̀ kan sọ́rùn, ó fi ìkejì sílẹ̀ sórí èjìká. "Pupa lórí aró. Ó ti pé."

Fikáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Mummy, iṣẹ́ mi tán níbí. Ẹ jẹ́ n gbé aṣọ kejì yìí padà, mo lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á."

Wọ́n wá aṣọ aláwọ̀ ẹ̀wà, wọn ò rí i. Yúnúsà ti yọ́ gbé e lọ. Ó jáde láti ẹ̀yìn kọ́tínì, aṣọ náà sì wà lọ́rùn rẹ̀, ó bá a mu láti èjìká dé kókósẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ lé e. "Jàlàbíà Jímọ́ọ̀ nìyí," ló wí. "Ẹ má tiẹ̀ ronú pé ẹ ó dá a padà."

"Daddy, aṣọ obìnrin ni!"

"Ta ló kọ ọ́ sí i lára? Ẹ máa lọ sí Magodo yín, mọ́ṣáláṣí ń dúró dè mí."

Vivian tó wà nídìí omi rẹ̀ rí i bó ṣe ń kọjá, ó kí i kú ọ̀ṣọ́. Ó ní Daddy, ó yẹ yín.

Nígbà tí Karimot àti Nusirat bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní iwájú ilé ìwé, Karimot tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Sikiọ́rítì ọjọ́ náà ló wà lẹ́nu géètì. Ó rí àdìrẹ, ó rí ìborùn, ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ máa wọlé, mà, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Karimot dúpẹ́, ó kọjá, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn tó bó ṣe rò. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, lóòótọ́. Ojú kan náà ni, orí kan náà ni, èèyàn kan náà ni.

Inú gbọ̀ngàn ni ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìlà mẹ́ta gbáko àwọn ìyá ló wà níwájú, kó sì tó wo ìlà kejì tán, ó ti mọ̀. Àwọ̀ ẹ̀wà tí wọn ò fepo sí ni gbogbo wọn wọ̀, láti igun dé igun.

"Nusi," ló sọ sí ọmọ rẹ̀ létí, "ìkòkò ẹ̀wà lẹ fẹ́ da èmi náà sí."

Nusirat fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Wọ́n rí ìjókòó ní ìlà karùn-ún.

Wọ́n pín ẹ̀bùn, wọ́n pín, wọ́n wá pe Aliyah. Ọmọ náà gun orí pèpéle, ó gba ẹ̀bùn ọmọ tó mọ sáyẹ́ǹsì jù lọ, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà obìnrin ilé ìwé náà di èjìká rẹ̀ mú. "Aliyah, ta ló bá ẹ wá lónìí? Pè wọ́n kí wọ́n wá bá wa ya fọ́tò."

Nusirat fọwọ́ tọ́ ìyá rẹ̀. "Mummy, ẹ dìde."

Karimot ò dìde. Bí òun bá dìde kó tó pe òun, òun ló pe ara òun nìyẹn. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Kó ṣípá ná.

Ojú Aliyah wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sí ìlà kejì, ó bọ́ sí ìkẹta. Ó tún padà sí ìlà àkọ́kọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ti dákẹ́, ọ̀gá àgbà ti fẹ́ sọ̀rọ̀ mìíràn láti bò ó mọ́lẹ̀. Ni ọmọ náà bá gbé ojú sókè, ó rí pupa láti òkèèrè.

"Mummy!"

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni gun pèpéle wá bá òun. Ó fò sílẹ̀, ó sáré gba àárín àga kọjá, ó kúnlẹ̀ gbì síwájú ìyá rẹ̀ lórí táìsì, ó sì so mọ́ ọn lọ́rùn.

"Sister ti fi fọ́tò aṣọ núùdù yẹn hàn mí," ló ń sọ sí i létí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òun ni mò ń wá. Mo wò wọ́n títí, mi ò rí yín, mo rò pé ẹ ò wá."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí Sister máa bọ̀?"

"Mo rò pé ẹ ń bínú sí mi ni, Mummy. Mo rò pé ẹ ò ní fẹ́ wá mọ́, nítorí… nítorí ọjọ́ yẹn."

Karimot fi etí ìborùn nu ojú ọmọ rẹ̀, ó nu tara rẹ̀. "Dìde. Má ba yúnífọ́ọ̀mù jẹ́. Wọ́n ń dúró dè wá."

Wọ́n ya fọ́tò náà. Àwọn ìyá Magodo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú jẹ àdìrẹ tán. Ọ̀kan nínú wọn fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ètò. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń bá yín ra aṣọ?"

"Èmi ni mo rà á," ni Karimot wí. "Àmọ́ ọmọ kan ló bá mi ṣí àpótí. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Kí ẹ ṣáà rántí tú àpò ìdí yín kí ẹ tó wọ̀n ara yín."

Obìnrin náà kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì yé e rárá.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, ọ̀rẹ́ Aliyah méjèèjì ń sin wọ́n dé ẹnu géètì. Àwọn méjì ọjọ́ náà ni. Sikiọ́rítì ti ń ṣí ìlẹ̀kùn, ó ti ń kí wọn pé ó dìgbà. Aliyah dúró.

"Uncle, ẹ bi mí léèrè bóyá mo mọ ìyá yìí nígbà kan. Mo ní ata ni wọ́n máa ń kó wá. Mo parọ́ fún yín."

Ọkùnrin náà wo ọmọ, ó wo ìyá. Ó tún wo ìyá dáadáa. Ó rọra ṣí fìlà lórí. Nusirat náà yíjú wo ìyá rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e.

"O ò parọ́," ni Karimot wí. "Ata ni mo máa ń kó wá. Lọ́la gan-an, mò ń kó o bọ̀. Ó kàn ku apá kan tí o ò sọ ni."

Aliyah wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé ohùn sókè tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń wọ mọ́tò wọn ní ìta pàápàá bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá mi ni."

Karimot sọ ọwọ́ sí ìdí níbi tí àpò rẹ̀ máa ń wà, bó ti máa ń ṣe nígbàkúùgbà tí ohun iyebíye bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sí àpò níbẹ̀. Ó bá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin, géètì iwájú ni wọ́n sì gbà jáde.